Mọ́tò tí kì í kúrò lójú kan, àti ọfà yẹ́lò tó ń ṣẹ́jú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ mọ́tò ní 1991, Houston ni mo ń gbé láti ọdún mẹ́rin báyìí. Ní oríta kan nítòsí ilé wa, ọfà yẹ́lò kan wà tó kọjú sápá òsì, tó máa ń ṣẹ́jú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé iná náà ti bàjẹ́ ni, torí bí a ṣe máa ń rò ó nílé nìyẹn. Mo dúró, àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ họ́ọ̀nù lé mi lórí. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì wá sọ fún mi pé inú mọ́tò irọ́ tí kì í kúrò lójú kan ni wọ́n ti dán ọfà yẹn wò kí wọ́n tó gbé e sójú títì. Ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà níléèwé àwọn, wọ́n sì ń wá awakọ̀ tó máa wá jókòó sínú rẹ̀. Báwo ni mọ́tò irọ́ ṣe lè mọ bí èèyàn ṣe lóye iná gidi? Ṣé kò tó kí wọ́n kàn bi àwa awakọ̀ léèrè ni? Ṣé kí n lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú àjò o. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni n óò kọ́kọ́ dáhùn: ẹ lọ. Tí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Iná ni wọ́n fẹ́ dán wò, ẹ̀yin ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fẹ́ fi wọ̀n ọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì nínú yàrá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí mò ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń wakọ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọlé bí ẹni tó fẹ́ lọ gba láísẹ́ǹsì tuntun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó bí ọfà yín. Nílé, láti 2 April 1972 ni a ti kúrò lápá òsì tí a ń gba ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún náà ni wọ́n sì ń gbà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ yà sápá òsì gbọ́dọ̀ gba iwájú àwọn tó ń kọjú bọ̀ kọjá, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Ọ̀nà méjì ni iná lè gbà bá ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà míì, á dá gbogbo àwọn tó ń bọ̀ dúró, á wá fún un ní ọfà gíríìnì, pé ọ̀nà ti di tirẹ̀. Nígbà míì, á ní kó fojú ara rẹ̀ ṣọ́nà: bó bá rí àlàfo tó tó láàárín àwọn tó ń bọ̀, kó yà, bí kò bá rí i, kó dúró. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gíríìnì róbótó lásán ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ kejì yìí. Gíríìnì tó ń sọ fún ẹni tó ń lọ tààrà pé "máa lọ, ìwọ lo lọ̀nà", òun kan náà ló ń sọ fún ẹni tó fẹ́ yà pé "o lè lọ o, àmọ́ ìwọ kọ́ lo lọ̀nà". Wọ́n á wá kọ pátákó kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti túmọ̀ rẹ̀. Iná tó bá nílò ògbufọ̀ lójú oríta, tí mọ́tò ń bọ̀ lójú, tí mọ́tò wà lẹ́yìn, wàhálà ti wà níbẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ojú pópó ń pè ní pàkúté yẹ́lò. Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ ti yọ imú mọ́tò sáàárín oríta, gíríìnì róbótó ló wà lókè yín, ẹ ń wá àlàfo, kò sí. Lójijì, iná yín di yẹ́lò. Kí lẹ máa rò? Ẹ máa rò pé ti àwọn tó ń bọ̀ náà ti di yẹ́lò, pé wọ́n ti ń dúró, pé kí ẹ tètè kúrò láàárín oríta kí pupa tó dé. Ẹ tẹ tọ́tù. Ṣùgbọ́n ní àwọn oríta kan, bí wọ́n ṣe to iná wọn tẹ̀ léra, tiyín ló kọ́kọ́ ń kú. Gíríìnì ṣì wà lójú àwọn tó ń bọ̀, torí wọ́n fẹ́ kí àwọn tó fẹ́ yà láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún lo ọfà tiwọn kí wọ́n tó dá gbogbo wọn dúró. Mọ́tò tí ẹ rò pé ó ń tẹ bíréèkì, eré ló ń sá bọ̀ wá bá yín. Ẹ ò sì rú òfin kankan. Ohun tí iná yín wí lẹ gbọ́, àmọ́ ẹ ti fi ohun tí kò wí kún un, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe.

Ìlú kọ̀ọ̀kan wá ń wá ọgbọ́n tirẹ̀. Ní Dallas, ní Texas tí ẹ wà yẹn, wọ́n fi ìbòjú bo gíríìnì ẹni tó fẹ́ yà kí àwọn tó wà ní ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má baà rí i. Nígbà yẹn, Seattle ń lo róbótó yẹ́lò tó ń ṣẹ́jú, Michigan ń lo róbótó pupa tó ń ṣẹ́jú, Delaware ní tirẹ̀ ń lo ọfà pupa tó ń ṣẹ́jú. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kan náà, àmọ́ bí ìlú ṣe ń yàtọ̀ ni iná ń yàtọ̀. Awakọ̀ tó bá ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn á di àlejò lójú iná, bí ẹ ṣe di àlejò ní Houston.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìwádìí ńlá kan kalẹ̀, tí ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 2003. David Noyce, onímọ̀ ẹ̀rọ ojú pópó kan, wà lára àwọn tó ṣe é. Ìbéèrè yín pé ṣé kò tó kí wọ́n bi awakọ̀ léèrè, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n fi àwòrán oríta pẹ̀lú oríṣiríṣi iná han awakọ̀ 2,465 lórí kọ̀ǹpútà, àwòrán 30 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bi wọ́n pé: tí ẹ bá fẹ́ yà sápá òsì níbí, kí lẹ máa ṣe? Ìdáhùn 73,950 ló wọlé. Ìyẹn kì í ṣe kékeré, ó sì wúlò gan-an, torí ó fi hàn pé gíríìnì róbótó ń tan àwọn èèyàn kan jẹ: wọ́n rò pé àwọn ló lọ̀nà.

Àmọ́ ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹni tó jókòó síwájú àwòrán, mọ́tò kankan ò bọ̀ wá bá a, ẹnikẹ́ni ò tẹ họ́ọ̀nù lé e lórí, ọwọ́ rẹ̀ ò sí lórí sitiárí, ọmọ rẹ̀ ò sunkún lẹ́yìn. Ó ní àyè láti ro ohun tí ìwé òfin wí. Lójú títì, ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta ló ní, ẹsẹ̀ ló sì máa dáhùn.

Ẹ rántí àrokò àwọn baba wa. Bí ẹnì kan bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín, ẹfà nìyẹn, ọkàn rẹ̀ fà sí yín ló ń wí. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá kọ́ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọn ò kọ́, owó mẹ́fà ló máa rí, á sì fi ra nǹkan. Àrokò ni iná ojú pópó, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó ń kọjá ni wọ́n di í ránṣẹ́ sí, àti ẹni tí wọ́n kọ́ àti ẹni tí wọn ò kọ́. Ẹni tó ń ṣe irú iná bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹni tí wọn ò kọ́ máa fi í pè.

Ibẹ̀ ni mọ́tò irọ́ ti wúlò. Símúlétọ̀ ni wọ́n ń pè é. Èyí tí wọ́n lò ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, odidi mọ́tò Saturn ni, tó dúró sójú kan, pẹ̀lú síkíríìnì ńlá mẹ́ta tó yí iwájú rẹ̀ ká. Bí ẹ bá yí sitiárí, ọ̀nà tó wà lójú síkíríìnì á yí. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ilé àti igi tó ń sá kọjá á rọra dúró. Kọ̀ǹpútà ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìgbà tí ẹsẹ̀ yín kúrò lórí tọ́tù, bí ẹ ṣe tẹ bíréèkì tó, ibi tí mọ́tò wà nígbà yẹn. Ẹ̀rọ kejì tí wọ́n lò wà ní College Station, ní ilé ìwádìí ìrìnnà ti Texas A&M, ní ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀. Irú iná 12 ni wọ́n gbé kalẹ̀, awakọ̀ tó lé ní 400 ló sì wá jókòó.

Ọgbọ́n tó wà nínú ṣíṣètò rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ ò lè sọ fún awakọ̀ pé iná lẹ fẹ́ kó wò. Tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, iná nìkan ni yóò máa wò, kò sì sẹ́ni tó ń wakọ̀ báyẹn. Ẹ ó jẹ́ kó wakọ̀ bó ṣe ń wà á lójoojúmọ́, kó yà sọ́tùn-ún níbì kan, kó lọ tààrà níbòmíràn, kó bá pupa pàdé, kó bá gíríìnì pàdé. Láàárín gbogbo ìyẹn, ẹ ó fi oríta tí ẹ fẹ́ dán wò há ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ó to àwọn mọ́tò tó ń kọjú bọ̀ bí ẹni to ata sórí àtẹ: bí àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 3 bá wà láàárín méjì, kò tó fún ẹnikẹ́ni láti yà, bó bá jẹ́ 7, ọ̀pọ̀ èèyàn á kọjá. Ẹni tó bá yà síwájú mọ́tò láìwá àlàfo, ohun tó rò pé iná ń wí ti hàn. Ẹni tí àlàfo tó fẹ̀ gbà á kọjá, tó sì dúró sójú kan, tirẹ̀ náà ti hàn.

Ẹ̀yin tí ẹ dúró lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Oríṣi àṣìṣe méjì là ń yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni pé kéèyàn dúró nígbà tó lè lọ. Ó ń fa họ́ọ̀nù, ó ń fa ìbínú, àmọ́ kì í pààyàn. Èkejì ni pé kéèyàn lọ nígbà tó yẹ kó dúró, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun lòun lọ̀nà. Èyí ló ń gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn. Iná tó dára, kódà lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, àṣìṣe àkọ́kọ́ ló yẹ kó fà. Ẹ ò mọ ohun tí ọfà náà ń wí, ẹ sì dúró. Lójú mi, iná yẹn ṣiṣẹ́ rẹ̀ lára yín lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ gba họ́ọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fojú ara mi rí. Ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wá wakọ̀ ní yàrá wa. Nígbà tó dé oríta tó ní gíríìnì róbótó, mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nínú kámẹ́rà ìsàlẹ̀: ó kúrò lórí tọ́tù, ó wá rọ̀ sórí bíréèkì láìtẹ̀ ẹ́, bàtà rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Mọ́tò mẹ́ta kọjá. Àlàfo dé, ó yà, ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ti yẹ. Lẹ́yìn náà, mo fi àwòrán oríta yẹn gan-an hàn án lórí bébà, mo ní kí ni iná yìí ń sọ fún un. Ó ní, "Pé kí n máa lọ. Èmi ni mo lọ̀nà." Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ fi dúró nígbà yẹn?" Ó wò mí bí ẹni tó bi í ní ìbéèrè ọmọdé. "Mọ́tò ń bọ̀!"

Iná kọ́ ló dá ìyá yìí dúró, mọ́tò ni. Bí kò bá rí mọ́tò yẹn ńkọ́, bóyá nítorí òjò, tàbí kọ́ọ̀nà, tàbí pé ọkọ̀ ńlá dí i lójú? Nínú ìwádìí tí mò ń sọ náà, àwọn tó ṣe é bó ti yẹ nínú símúlétọ̀ pọ̀ ju àwọn tó dáhùn bó ti yẹ lórí àwòrán lọ. Àwọn kan lè fi ìyẹn sọ pé àwòrán kò wúlò. Mi ò gbà. Àwòrán ń sọ ohun tí iná nìkan lè sọ, símúlétọ̀ ń sọ ohun tí iná àti ojú ọ̀nà jọ ń sọ, ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti méjèèjì. Ọfà yẹ́lò tó ń ṣẹ́jú yege nínú méjèèjì, wọ́n sì tún gbé e sí àwọn oríta gidi wò. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún un láṣẹ onígbà díẹ̀. Nígbà tí ìwé ìlànà àmì ojú pópó ti orílẹ̀-èdè náà jáde ní 2009, ó ti wà nínú rẹ̀.

Kí ló fi dára ju gíríìnì lọ? Ẹ rántí bí ìyá wa ṣe máa ń ṣẹ́jú sí wa nílé onílé tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá. Kò ní kí o má jẹun rárá, ó ní kí o ṣọ́ra kí o tó na ọwọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọfà yẹn ní, kò sì pín in pẹ̀lú ẹni tó ń lọ tààrà. Ó tún ní àǹfààní tó fọ́ pàkúté yẹn: iná àwọn tó ń bọ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí gíríìnì bá ṣì wà lójú wọn, tiyín lè máa ṣẹ́jú lọ, kódà kí àwọn tó ń lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ti rí pupa.

Àwọn kan tún fi ẹ̀rọ tó ń tọpa ẹyinjú kún símúlétọ̀ láti mọ ohun tí awakọ̀ ń wò kó tó yà. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ iná ju bó ti yẹ lọ, kò tíì rí ìtumọ̀ rẹ̀. Iná tó bá tètè yé èèyàn, ojú á kúrò lára rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bọ̀ àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ sọdá.

N kò ní bo àìpé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ẹ̀rù ikú nínú mọ́tò irọ́, àwọn kan sì máa ń gbójú gbóyà jù nínú rẹ̀. Iná tó wà lójú síkíríìnì kò lè tàn bí iná gidi ṣe ń tàn lójú oòrùn, pátákó tí ẹ máa ń kà láti òkèèrè sì lè di bàìbàì níbẹ̀. Láti 1982 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Blaauw ti là á yé wa pé ohun méjì ni ká yà sọ́tọ̀: bóyá iye tí ẹ̀rọ wọ̀n bá ti ojú ọ̀nà mu gẹ́lẹ́, àti bóyá ibi tí ọ̀rọ̀ kọrí sí bá a mu. Èkejì ni a sábà máa ń rí. Tí símúlétọ̀ bá ní iná kan ń da èèyàn rú ju èkejì lọ, mo máa ń gbà á gbọ́. Tó bá ní èèyàn mélòó gan-an ló máa ṣi í mú lójú títì Houston, mi ò ní fi búra.

Àìpé kan wà tó ń dùn mí jù, òun ló sì mú mi ní kí ẹ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń pọ̀ nínú irú ìwádìí yìí, torí àwọn ló wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìlú yẹn ni wọ́n ti kọ́ mọ́tò. Ẹni tó ti fi iná tó ń ṣẹ́jú pe iná tó bàjẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, ta ló ń ṣojú fún un? Àbúrò mi kan wà ní London tó jẹ́ pé iná yẹ́lò tó ń ṣẹ́jú tóun mọ̀, ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá ló wà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kó jẹ́ kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà sọdá tán. Bó bá wá wakọ̀ ní Texas, ohun tó mọ̀ yẹn ló máa gbé dé oríta.

Ní ti oríta tó wà nítòsí ilé yín: tí ọfà yẹ́lò bá ń ṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó ń sọdá kọjá, kí ẹ yà nígbà tí àlàfo bá tó. Tí yẹ́lò náà bá dáwọ́ ìṣẹ́jú dúró tó tàn gbọ̀ọ̀rọ̀, àsìkò ti ń tán, pupa ló kàn. Tí àlàfo kò bá sí, ẹ dúró, kí wọ́n máa tẹ họ́ọ̀nù wọn.

Tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ má fi ebi lọ, ẹ má sì jẹ àjẹyó. Símúlétọ̀ máa ń kọ́ àwọn kan lóòyì, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń yà tàbí dúró lemọ́lemọ́, torí ojú ń rí ìrìn tí ara kò gbọ́. Wọ́n lè fún yín ní ìwé tó ní ìbéèrè 16 nípa bí ara yín ṣe rí, láti orí fífọ́ dé inú rírú. Láti 1993 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà. Ẹ má fi ojú akin dáhùn rẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n dá a dúró, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ mú awò ojú tí ẹ fi ń wakọ̀ dání. Tí wọ́n bá sì bi yín lẹ́yìn ìwakọ̀ pé kí lẹ rò pé ọfà yẹn ń wí, ẹ má wá ìdáhùn tó wà nínú ìwé fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ rò pé ó bàjẹ́ ni, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.